Igbó Inú Yàrá Ìfọṣọ

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹrin

Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti jí igbó mi lẹ́yìnkùlé, inú mi ò tíì rọ̀. Igi méjì. Méjì tí òfin Canberra gbà kí n gbìn, níta gbangba, nínú oòrùn, bíi tòmátì. Ó ku ọ̀la kí n gé e. Mo jí, kùkùté ni mo bá. Olè náà fi ayùn rẹ́ ẹ nídìí, ó kó o lọ tẹ̀ka-tẹ̀ka, tòun ti àwọn okùn tí mo gé lára ìbọ̀sẹ̀ gígùn mi tó ti gbó, tí mo fi so wọ́n mọ́ ọ̀pá. Kò fi ewé kan ṣàánú ẹni tó ni ín.

Garth ni mo gbìn ín fún. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti já bọ́ látorí òrùlé tó ń kàn ni iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ti gbádùn mọ́. Àlejò ni mò ń pe ìrora yẹn nínú ìwé yìí, torí kì í sọ ìgbà tó ń bọ̀, kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Oògùn dókítà ń mú un bì. Bọ́tà tí mo fi ewé sè, ṣíbí kékeré kan lórí búrẹ́dì, òun nìkan ló ń jẹ́ kó sùn. Ti ọdún tó kọjá ti tán pátá.

Mo mọ olè náà. Bàbá Stojan ni. Ọgbà pákó tó wà láàárín wa ò ga ju àyà mi lọ. Ará Masidóníà, aláta, ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́yìnkùlé mi. Mi ò kí i mọ́.

Ọjọ́rú, 3 oṣù karùn-ún

Bàbá Stojan gbé ìgò ata sísun sẹ́nu géètì wa. Mo gbé e padà sórí ọgbà rẹ̀. Ó ní, "Nerida, kí ni mo ṣe?" Mo ní, "Ẹ bi ara yín." Mo ti sọ ọ́ fún obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́. Kí gbogbo àdúgbò wa, Oaks Estate, mọ irú ẹni tí wọ́n ń kí káàárọ̀.

Àbámẹ́ta, 6 oṣù karùn-ún

Ẹlẹ́nu-Oyin wá. Dallas, àbúrò Garth. Òdì kejì ojú irin ló ń gbé, ní Queanbeyan, níbi tí òfin ti yàtọ̀, tí ewé kan ṣoṣo lè sọ èèyàn dèrò kóòtù. Ó jókòó, ó jẹ bisikíìtì mi tán, ó wá ní kí n gbìn ín sínú ilé. Nínú omi. Lábẹ́ iná. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ rárá.

"Ìyàwó wa, ta ló máa fo ọgbà wọ yàrá ìfọṣọ yín?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n òfin yìí náà rèé: níta, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Nínú ilé, lábẹ́ iná, ọ̀daràn ni ọ́. Ewé kan náà o! Ẹni tó ṣòfin yẹn kò tíì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ koríko Canberra láàárọ̀ oṣù keje, nígbà tí òtútù ń mú jù. Bí wọ́n bá mú mi, iṣẹ́ kántíìnì ilé-ìwé ti lọ nìyẹn. Wọn ò ní fi obìnrin tó ní ẹjọ́ sílẹ̀ nítòsí ọmọdé. Mo sì fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn, tòun ti ariwo wọn nídìí páì.

 Ilẹ̀ ni Garth ń wò.

Ajé, 8 oṣù karùn-ún

Àlejò dé. Garth ń ge ìrọ̀rí jẹ kí n má baà gbọ́. Mo ti rò ó tán.

Àbámẹ́ta, 13 oṣù karùn-ún

A ti tò ó. Garawa dúdú méjì, pọ́ńpù, iná ńlá kan tó ń mú ojú ṣe bàìbàì, fáànù, aṣọ dúdú lójú fèrèsé. Ọ̀dọ̀ Dallas ni gbogbo rẹ̀ ti wá, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló kó kúrò nílé tó fi í sílẹ̀. Òun ló kàn án, òun ló so ó. Kò gbà ju ife tíì kan lọ. Mo ní Ọlọ́run á bù kún un. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá gbé Garth lọ sílé rẹ̀ láti wo bọ́ọ̀lù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Àbámẹ́ta. Garth dé, ó sùn bí ọmọ ọwọ́. Afẹ́fẹ́ òdìkejì ojú irin ń ṣe é lóore.

Ọjọ́rú, 17 oṣù karùn-ún

Méjì ti hù. Ọ̀kan yọ orí kíákíá, ó dúró ṣánṣán: Arẹwà. Èkejì ṣì ń rò ó: Ọ̀lẹ.

Pọ́ńpù ń kùn láti àárọ̀ dalẹ́. Garth ní ó dà bíi pé ìyá òun ti jí dìde. Ó tún ní òun gbàgbé tìmùtìmù òun oníhò, èyí tí dókítà ní kó máa jókòó lé, sí ilé-ìwòsàn. Mo pè wọ́n. Wọn ò rí i. Àfi kó máa jókòó lórí aṣọ tí mo ká.

Ajé, 5 oṣù kẹfà

Mo ti fẹ́ pa wọ́n. Etí ewé wọn jó, ó pọ́n bí ẹni tí iná rà. Oúnjẹ ló pọ̀ jù. Tòmátì ni mo fi wọ́n pè, mò ń bu ajílẹ̀ olómi fún wọn bí ìyá tó ń fún ọmọ lóúnjẹ níṣojú àlejò. Nínú ilẹ̀, ilẹ̀ á bá ọ gba àṣejù díẹ̀. Nínú omi, kò sẹ́ni tó máa gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ. Mo da gbogbo omi nù, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kẹfà

Ọmọ kan dúró níwájú mi ní kántíìnì, ó fa imú. "Ẹ̀yin aunty, ẹ ń rùn bí àbúrò bàbá mi." Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró létí ilẹ̀kùn. Mo ní sìgá ọkọ mi ni.  Aṣọ tí mo ń sá sí yàrá yẹn ni o. Láti òní lọ, inú bálùwẹ̀ ni mo ti máa fọṣọ, ọwọ́ ni mo máa fi fọ̀ ọ́. Egungun ọwọ́ mi ń ro mí, èyí tí mi ò ní sọ fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù keje

Akọ ni Arẹwà.

Dallas ló fi hàn mí. "Fà á tu kó tó ba èkejì jẹ́. Akọ ò wúlò." Mo wo òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga, ẹsẹ̀ lórí tábìlì, tíì lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọn ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ó ku Ọ̀lẹ nìkan.

Àìkú, 23 oṣù keje

Òtútù yìí! Bàbá Stojan ń fi àpò ọ̀dùnkún bo igi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ṣí i láàárọ̀, bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Kó máa tọ́jú ara rẹ̀. Nínú yàrá ìfọṣọ, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ọ̀lẹ ti ga dé ìgbáròkó mi, ó ti ń tanná. Nígbà míì mo máa ń gbé àga síbẹ̀, mo máa ń jókòó tì í. Ibẹ̀ nìkan ló gbóná nínú ilé yìí.

Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹjọ

Dallas fọwọ́ tẹ òdòdó Ọ̀lẹ, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Àbámẹ́ta yẹn la máa gé e."

"La." Mo gbọ́ ọ. Mo jẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá báni gbé ẹrù, ó lè ní "la."

Ọjọ́rú, 23 oṣù kẹjọ

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo ti kántíìnì dé, ilé dákẹ́. Pọ́ńpù ti kú. Ọ̀lẹ ti ń rọ̀ lọ́rùn. Mo pe Dallas níbi iṣẹ́. Ó ní òun ní òmíràn nínú ilé pákó ẹ̀yìnkùlé òun, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ṣágo gáàsì, orí pẹpẹ lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni pọ́ńpù wà. "Má wulẹ̀ wọnú lọ, ìyàwó wa, ó dọ̀tí."

Mo fẹsẹ̀ rìn kọjá ojú irin. Mo ṣílẹ̀kùn. Kò dọ̀tí.

Àga ìrọ̀gbọ̀kú méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbóná. Tẹlifíṣọ̀n. Lórí àga kan, tìmùtìmù oníhò. Mo gbé e. Orúkọ Garth wà lábẹ́ rẹ̀, èmi ni mo fi bírò kọ ọ́.

Mo ṣì ń tan ara mi jẹ, mo ní bóyá ibí ló gbàgbé rẹ̀ sí, ilé-ìwòsàn ló ń rántí. Mo wá gbójú sókè. Àwọn igi gbígbẹ méjì kọ́ sára ògiri lórí ìṣó, wọ́n ti ṣa gbogbo òdòdó wọn tán. Okùn ṣì wà lára wọn. Okùn ìbọ̀sẹ̀. Lójú okùn kan, àmì pupa: àwọ̀ èékánná mi, tí mo kán sójú ibi tó ti ń ya lára ìbọ̀sẹ̀ náà kó má baà ya sí i, ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo dúró síbẹ̀, mo ń fi ìka pa á.

Mo tú okùn náà, mo fi sápò, mo mú pọ́ńpù. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà sábẹ́ ṣágo. Mo wálé, mo tún un so. Ọ̀lẹ gbórí sókè. Mo se oúnjẹ. Garth ní ẹran náà le díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù kẹjọ

Mo gbé okùn náà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì. Kò bi mí pé kí ni.

"Àbúrò mi ni, Ned." Bó ṣe máa ń gé orúkọ mi nìyẹn.

Mo ní mo mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ ni. Mo ní ta ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un?  Ó ní òun ni. Èmi ń sùn, òun ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún olè ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, lórí ẹsẹ̀ tí mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn wọ́ fún un.

Ó ní ṣíbí ni. Ó ní ṣíbí kékeré tí mo fi ń wọn bọ́tà fún òun, bí oògùn ọmọdé, tí mo sì tún ń bi òun bóyá ó ti ṣiṣẹ́. "Lọ́dọ̀ Dallas, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Níbí, aláìsàn ni mí."

Ó wọ̀ mí lára, mi ò ní purọ́ fún ìwé. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mo ní ó dáa, kí ló dé tó jẹ́ kí n sọ yàrá ìfọṣọ di ilé ọ̀daràn? Iṣẹ́ mi ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé tí ọlọ́pàá bá kanlẹ̀kùn, orúkọ mi ni wọ́n máa kọ?

"Ìwọ lo fẹ́ gbìn ín."

Mi ò lè pe ọlọ́pàá fún olè, torí ohun tó wà nínú ilé mi. Ẹlẹ́nu-Oyin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló to gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo ń sin ewé fún ẹni tó jí ewé mi, mo tún ń ṣàdúrà fún un.

Ẹtì, 25 oṣù kẹjọ

Mo yọ pọ́ńpù. Mo paná. Lọ́sàn-án gangan, mo gbé Ọ̀lẹ tòun ti garawa jáde sáàárín koríko. Igi kan ṣoṣo, níta gbangba, lábẹ́ oòrùn. Òfin wà lẹ́yìn mi báyìí. Rédíò ní ìrì máa dì lórí koríko kí ilẹ̀ tó mọ́.

Garth lu fèrèsé. "Ned, ó máa kú o!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí Dallas wá gé òkú rẹ̀ lọ́la.

Àbámẹ́ta, 26 oṣù kẹjọ

Mo ká aṣọ fèrèsé. Gbogbo koríko funfun báláú. Mo ń wá ohun dúdú, òkú Ọ̀lẹ. Àpò ọ̀dùnkún ni mo rí.

Àpò méjì, ẹnì kan fi wọ́n bo Ọ̀lẹ láti òkè délẹ̀, ó fi òkúta tẹ etí wọn mọ́lẹ̀. Mo sáré jáde pẹ̀lú bàtà ilé. Mo ṣí i. Àwọ̀ ewé rẹ̀ kò yí padà, ó wà láàyè. Lódì kejì ọgbà, igi ọsàn wẹ́wẹ́ Bàbá Stojan dúró ní ìhòòhò, ewé rẹ̀ ti gan.

Bàbá náà jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. "O gbàgbé ẹ síta," ó ní. "Mo pè, ẹ ò dáhùn. Mo ní bóyá ara ọkọ ẹ ni ò yá, ni mo bá fo ọgbà. Má bínú."

Má bínú, ó ní. Fún èmi.

"Bàbá, mo pè yín lólè."

"Mo mọ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

Lẹ́yìn mi, fèrèsé ṣí. Garth ti rí i, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. "Ned! Kò kú! Gbé e wọlé, Dallas ti ń bọ̀!"

Mo gbé e. Omi inú garawa ti dì, ó wúwo, kò sẹ́ni tó bá mi dì í mú. Mo gbé e lé orí ọgbà, mo tì í sí ọwọ́ Bàbá Stojan. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi igbó ṣe? Ata ni mò ń gbìn." Mo ní kó fi dáná, kó fún ewúrẹ́ ẹni tó bá ní ewúrẹ́, ohun tó bá wù ú. Ó gbà á, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé àga kan síbi tí oòrùn ti ń yọ, ó nu ìrì rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀wù.

Mo lọ mú ìwé yìí, mo gba géètì rẹ̀ wọlé; ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ náà wà níwájú mi, Bàbá Stojan ní ó máa tó ọdún méjì kó tó tún so, bí ó bá máa so. Garth ṣì ń pè mí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín mọ ọ̀nà, kó kọjá ojú irin.

Mò ń gbọ́ ọ. Mo jókòó.