Ihò Tí Mo Lu sí Ẹ̀yìn Tẹlifíṣọ̀n

Orí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé dáadáa ni gbogbo yín wà, nítorí àdúrà tí mo ń gbà fún yín láràárọ̀ kì í ṣe àdúrà ẹnu lásán, mo máa ń bọ́ fìlà gbà á ni. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún pe ara wa. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òrùlé kò jò, adìyẹ funfun ti pamọ, ajá ilé kejì ṣì ń gbó mi bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ilé tó ń ṣọ́.

Má jẹ́ kí ohunkóhun tí o bá gbọ́ lórí fóònù dẹ́rù bà ọ́. Mo mọ̀ pé Ọ̀gá Wáyà, oníṣẹ́ iná tí o rán sí wa, yóò ti pè ọ́ pé bàbá rẹ ti ba ògiri jẹ́. Ògiri wo? Ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ kí a tó bí ọ? Fara balẹ̀ kí o gbọ́ tẹnu mi, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nígbà tí ọkùnrin náà gbé tẹlifíṣọ̀n dé, ó lu irin mọ́ ògiri pálọ̀, ó sì gbé e kọ́ síbẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí, mo sì yìn ín pé iṣẹ́ rẹ̀ gún. Ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, pé lọ́jọ́ kejì ni òun máa padà wá so hóòmù tíátà, ẹ̀rọ agbóhùnjáde tí o fi ránṣẹ́, mọ́ ọn. Mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ẹni tó ti kọ́ ilé alájà méjì kò ní tún pe èèyàn wá bá òun so wáyà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, ó kàn kìlọ̀ fún mi pé ilẹ̀ ni kí n gbé àpótí ńlá tó wà nínú rẹ̀ sí. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Ìwọ náà kúkú mọ ìdí tí a fi ń ṣe gbogbo èyí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ṣubú lẹ́yìn ilé, eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́ ti so pọ̀, dókítà sì ti sọ pé kò sí nǹkan mìíràn tó kù ju kó máa rìn lójoojúmọ́, pé bó bá ń jókòó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà á gan, kò sì ní rìn mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti sọ yàrá di ìlú. Láti orí bẹ́ẹ̀dì sí etí fèrèsé, láti etí fèrèsé sí orí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá ní kó jẹ́ ká lọ sí pálọ̀, á bi mí pé kí ló wà ní pálọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwọ fi ní ká kúkú gbé nǹkan sí pálọ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ọmọ tí mo bí yìí gbọ́n. Ohun tí n kò sọ fún ọ ni pé èmi nìkan ni mo ń jẹun ní pálọ̀, ilé sì dákẹ́ débi pé ìró ṣíbí mi ń pariwo létí mi. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni mo fẹ́ kọ. Mo tú páálí hóòmù tíátà, mo bá àpótí ńlá kan àti àwọn kéékèèké níbẹ̀, mo sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé ìdílé kan náà ni wọ́n. Ṣé a lè ní kí àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ sì wà lókè? Mo gbé àgbà náà sórí àga onítìmùtìmù ìyá rẹ, torí pé àga náà ṣófo, mo sì tẹ́ aṣọ sí i nídìí. Àwọn ọmọ, mo tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀ kí wọ́n máa gbọ́rọ̀. Ìwé tó bá a wá ní kí n fọ́n wọn ká igun ilé, ṣùgbọ́n ilé tí kò sí ìrẹ́pọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń fọ́n ọmọ ká igun.

Ó wá ku wáyà. Olùkọ́ tó ń gbé iwájú ilé wa ló bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà, ó ní ẹnu ìjáde wà, ẹnu ìwọlé sì wà. Mo ní kó má ṣàlàyé mọ́. Ẹni tó ti fa ọ̀nà omi sínú ilé bíi tèmi mọ̀ pé ohun tó bá jáde níbìkan gbọ́dọ̀ wọlé síbìkan. Láti ẹnu ìjáde tẹlifíṣọ̀n sí ẹnu ìwọlé àpótí, ó parí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni ẹnu ìjáde náà wà, ẹ̀yìn náà sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ mi wọlé, kò sì jáde mọ́. Mo wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ojú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń dì mọ́ àlejò. Ìyá rẹ pariwo láti inú yàrá pé kí ló dé tí n kò fọhùn mọ́, mo ní kò sí nǹkan kan, pé iṣẹ́ ń lọ, títí mo fi rọra fa ọwọ́ yọ.

O lè ní kí ló dé tí n kò gbé tẹlifíṣọ̀n sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mi, bíríkìlà ni bàbá rẹ. Bíríkìlà kì í tú ohun tó wà níwájú nígbà tó lè gba ẹ̀yìn wọlé. Yàrá ìyá rẹ ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Mo wọn ibẹ̀ dáadáa, mo ní kí ìyá rẹ fi ìborùn bo imú, mo gbé òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú, mo sì lu ògiri náà títí ó fi yọ sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n gan-an, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì, ojú tẹlifíṣọ̀n kò sì ní ìdọ̀tí kankan. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́. Ìyá rẹ wo ihò náà, ó ní bí ògiri bá ti lanu báyìí, kí n máa retí aláǹgbá. Ó ti pẹ́ tó ti dápàárá. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo ń ti wáyà mi bọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo tan iná sí i, kò sí àwòrán, ó kàn kọ nǹkan síwájú. Olùkọ́ ní ó ń sọ pé òun kò rí àmì. Mo dé fìlà, mo dúró níwájú rẹ̀ gbangba, mo sì juwọ́ sí i, síbẹ̀ ó ní òun kò rí. Olùkọ́ ní kí n tẹ rìmóòtù. Rìmóòtù mẹ́ta ni, mo sì ti fi okùn so wọ́n pọ̀ kí ọ̀kan má baà sọnù, mo bá tẹ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán yọ, ohùn jáde, olùkọ́ fúnra rẹ̀ gbá orí mú.

Ohùn náà le, àfi bí àgbà orí àga ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí ó ṣe ń ké ló ń rìn bọ̀ wá sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde. Mo jókòó tì í, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wo fíìmù náà.

Gbogbo rẹ̀ ni ìyá rẹ ń gbọ́ láti inú ihò, ṣùgbọ́n wáyà nìkan ló ń rí. Àwọn ará inú fíìmù bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ní ọkùnrin kan ló wọlé, ó sì wọ ṣòkòtò. Ó ní ṣé ìyẹn ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín? Mo ní kó ṣe sùúrù. Nígbà tó yá, obìnrin kan ké, ìyá rẹ ní kí ni wọ́n fi ṣe é. Mo ní kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan ṣe é, ó kàn ké ni. Ó bi mí pé ta ni ọkọ rẹ̀. Mo ní ẹni pupa yẹn ni. Nígbà tó ṣe díẹ̀ mo ní rárá, ẹni dúdú ni. Ká má purọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ni mo fi ṣe ọkọ fún un. Ìyá rẹ pòṣé. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń bá mi gbé, òun kò tíì gbọ́ ìtàn kan lẹ́nu mi tó ní orí àti ìdí. Ó ní ìròyìn kò tó àfojúbà.

Mo padà sídìí fíìmù mi. Àfi nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ ìyá rẹ lórí sìmẹ́ńtì. Ó dún kò, ó dákẹ́. Kò, ó tún dákẹ́. N kò yíjú padà, ọmọ mi. Mo dì mọ́ àpótí mi, mo ń wo iwájú, n kò sì rí ohun tí mo ń wò mọ́, torí mò ń bẹ̀rù pé bí mo bá yíjú, á rántí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó di férémù mú, òógùn bò ó. Kò sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rárá. Ó ní ta ló gbé àpótí sórí àga òun. Mo ní àgbà ni. Ó ní kí àgbà dìde fún òun.

Mo bá gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bó ṣe fìdí kan ilẹ̀ báyìí, kò gbọ̀n mọ́, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ó sì kárí ilé. Ìyá rẹ ló parí iṣẹ́ náà o, ṣùgbọ́n bí Ọ̀gá Wáyà bá bi ọ́, èmi ni kí o dárúkọ. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Lánàá ó rìn dé ilé olùkọ́ lọ ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ ọkọ obìnrin yẹn gan-an.

Jọ̀wọ́, bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí n fi ra bátìrì, torí bí mo ṣe ń tẹ rìmóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n ń jẹ bátìrì púpọ̀. Mo tún fẹ́ ra pákó tí n óò fi ṣe férémù yí ihò náà ká. Ọ̀gá Wáyà, tó yà wá wo iṣẹ́ mi, ní kí a dí i. A kò ní dí i. Bí owó bá sì tún ṣẹ́kù tí o fẹ́ fi ra ẹ̀rọ mìíràn fún wa, má rà á, fi wọ ọkọ̀, kí ìwọ àti àwọn ọmọ wá wo ìyá rẹ bó ṣe ń rìn.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ̀ ọ́. Ibi tí o bá fi ọwọ́ tì, yóò ṣí fún ọ. Ilé rẹ kò ní dákẹ́, àwọn ọmọ rẹ á bá ọ rẹ́rìn-ín, ìwọ náà á sì jókòó sórí àga rẹ pẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ.

O lè máa rò ó pé kí ló gbé mi dé orí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ tí mo ti ń kọ̀wé. Ó ní mò ń sọ̀rọ̀ jù bí òun bá ń wo fíìmù, ló bá lé mi wá síbí, ihò ni mo ń gbà gbọ́ ọ. Nísinsìnyí gan-an wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ náà bá wọn rín in. Mo pariwo láti inú ihò pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin kan ló wọlé, ó sì wọ ṣòkòtò. Ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ èyí tó kù. Jẹ́ kí n dákẹ́ níbí, mo fẹ́ lọ wò ó.