Ìṣẹ́tí Yunifọ́ọ̀mù Ni Mo Fi Wọn Ìpínlẹ̀ Wa

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní rà mọ́. Ilé kò tà! Ẹ tú ẹrù tí ẹ ti dì, kí Fúnkẹ́ àbúrò mi dá ìkòkò padà sí ilé ìdáná. Mo ti rí ọkùnrin oníkòkó yẹn l'Ákúrẹ́, a ti jọ sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà pé òun ò ra ilé Bàbá mọ́. Èmi Akínwálé ni mo ṣe é. Bọ̀dá Ṣẹ́gun ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n kàwé dé yunifásítì gan-an ò rí i ṣe.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín, Màmá. Mo kí Bọ̀dá Ṣẹ́gun nílé wọn ní Ìjàpò l'Ákúrẹ́, mo kí ìyàwó wọn. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí mo kọ ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn. Ojú ló ń tì mí. Ojú gbogbo ẹbí ni mo ti sọ pé kí ẹ ta ilé, ojú gbogbo ènìyàn náà ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́ pé mo ṣì í wò.

Ẹ̀yin mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń kà á ò mọ̀. Mo wá ṣe Àjíǹde lọ́dọ̀ yín l'Oǹdó. Púráímárì mẹ́rin ni mo ti dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, ojú mi sì mú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí nílùú, kó má bi gómìnà, kó wo etí yunifọ́ọ̀mù ọmọ wọn. Ní Lọ́kọ́ja tí mo wà yìí, ìbú ìka kan péré ni mo máa ń ṣẹ́ sí etí aṣọ, èyí tí wọn yóò tú bí ọmọ bá ga sí i. L'Oǹdó, ìka mẹ́rin, ìka márùn-ún ni mo rí. Mo ní ó ti tán fún ìpínlẹ̀ wa nìyẹn. Ìyá tó bá ní kí télọ̀ ṣẹ́ ìka márùn-ún, kò retí owó aṣọ mìíràn fún ọdún mẹ́ta.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bẹ́bà kan wà ní ọ́fíìsì àwọn tí wọ́n fi ń wọn ìpínlẹ̀ kan mọ́ èkejì: ọmọ mélòó ló ń lọ síléèwé, ta ló ń rí omi mu, ta ló ń rí dókítà, èèló ni oúnjẹ. Wọ́n ní tiwa ò sí nísàlẹ̀, pé a ṣíwájú ọ̀pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n bóyá bẹ́bà yẹn ti ra gaàrí rí. Mo ní owó ìfẹ̀yìntì Màmá tí kò tíì jáde ńkọ́, ṣé ó wà nínú bẹ́bà? Mo sọ̀rọ̀ títí gbogbo yín fi gbà fún mi. Mo ní ẹ ta ilé, kí ẹ̀yin àti Fúnkẹ́ wá bá mi ní Lọ́kọ́ja. Oníkòkó dé, ó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà ṣe àsansílẹ̀, owó náà sì bá ìtọ́jú ojú yín lọ tán. Kò burú. Ojú yín sàn ju owó lọ.

Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ̀ bá jìyà níbí. Ooru ibí kì í ṣe ooru ènìyàn. Odò ńlá méjì ló pàdé nílùú yìí, síbẹ̀ omi tí mo fi ń wẹ̀, rírà ni mo ń rà á. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, èmi àti fáànù tí kò ní iná la jọ máa ń wo ara wa. Mi ò sọ èyí fún yín ní Àjíǹde. Ẹni tó bá ń pe ènìyàn wá sílé kì í sọ pé ilé ń jò.

Tààmù yìí wọlé, ìgbà tó yẹ kí n má ráàyè jẹun. Ẹyọ yunifọ́ọ̀mù tuntun kan ò wọlé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tíṣà obìnrin kan kó àlòkù mẹ́sàn-án wá, ó ní kí n tú ìṣẹ́tí wọn kí wọ́n lè gùn sí i. Mo yí etí aṣọ, mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ìlà méjì tó ti funfun ni mo rí, ibi tí wọ́n ti tú u lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n tún tú u lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí n wá aṣọ mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ìka kan, ìka kan tí mo ń ṣẹ́ láti ọjọ́ yìí, aṣọ tí wọ́n ń rà ni kò tó. Èmi ń pè é ní ọrọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Sátidé ni oníkòkó máa san owó ilé tó kù.

Ní Ọjọ́rú mo ti wà nínú mọ́tò tó ń lọ Àkúrẹ́. A dúró l'Ọ́gbẹ̀sẹ̀, àwọn ọmọ ń ti iléèwé bọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ wo etí aṣọ wọn: ìka mẹ́rin, kò sí èyí tí wọ́n tíì tú. Mo dé Àkúrẹ́, mo dúró lẹ́nu géètì iléèwé kan nítòsí Ìjàpò, mo ń wo orúnkún bí wọ́n ṣe ń jáde. Mẹ́gáàdì gbá mi lọ́rùn aṣọ mú. Mo ní télọ̀ ni mí. Ó ní télọ̀ wo ló ń ka orúnkún ọmọ ọlọ́mọ, pé kí n ṣàlàyé fún ọlọ́pàá. Ìyá kan tó wá mú ọmọ rẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni, mo gbọ́ èdè wa lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ń wá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá tìẹ ò rán aṣọ fún ẹ rí ni? Ọmọ mẹ́ta ló máa wọ èyí. Ìṣẹ́tí tí a ò tíì tú, ohun tí a ṣì ní nípamọ́ nìyẹn."

Màmá, ìgbà yẹn ni mo rántí. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń ní kí wọ́n ṣẹ́ ìka márùn-ún sí ṣòkòtò mi, láyé ìgbà tí kòkó Bàbá ń lọ dáadáa tí ẹran ò wọ́n nínú ọbẹ̀ wa. Ìṣọ́wóná àwọn ìyá wa ni mo pè ní ìṣẹ́. Kì í ṣe pé ojú mi ò ríran o, ó ríran jù ni.

Mi ò sọ pé ìlú dùn. Gaàrí wọ́n l'Ákúrẹ́ bó ṣe wọ́n níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ṣì ní ohun tí ẹ ṣẹ́ pamọ́, àwọn ará ibí ti tú tiwọn tán. Bọ̀dá, bẹ́bà yín jàre mi. Àmọ́ ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n fi ìṣẹ́tí kún un.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo wá oníkòkó lọ. Ó bínú, ó ní a fi owó òun ṣeré. Mo jẹ́ kó bínú tán. Mo wá sọ fún un pé ikán ti wọ òrùlé ẹ̀yìn, òótọ́ sì ni, pé ẹni tó bá rà á, iṣẹ́ ló rà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Mo lọ sí báńkì, mo gba owó tí mo ń kó jọ fún ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, mo ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún lé e lọ́wọ́ nínú àsansílẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí ìyókù ò bá pé lọ́jọ́ tí a dá, títà ilé dúró bó ṣe wà. A kọ ọ́ sílẹ̀, a tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú yín là kedere, kí ilé Bàbá gbà yín pẹ́, kí Fúnkẹ́ bímọ síbẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, ẹ kí àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ẹni tó bá sì lè bá mi dá nínú owó yìí nínú ẹbí, kó má tijú.

Èmi ni ọmọ yín, Akínwálé télọ̀, tó ṣì jẹ oníkòkó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà, tí yóò san án pé kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó parí oṣù yìí.