Mo Fi Oríkì Ọmọ Mi Tó Kú Ta Àjèjì Lọ́rẹ

Mo ti purọ́ fún ẹni tó ń sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka pèèjì yìí, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá ní kí n kọ́kọ́ kí yín dáadáa, ọkàn mi á yí padà, n ò sì ní lè sọ ọ́ mọ́. N ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo sì ti mú un búra pé ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó kọ, kó má tún un ṣe, kódà tó bá kan òun fúnra rẹ̀... torí ó máa kàn án. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, ẹ má bèèrè ojúlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Mo ní ọmọkùnrin kan, òun ni àbígbẹ̀yìn mi. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń bá àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté ṣiṣẹ́ ní Wharf Road, nígbà tí iṣẹ́ yẹn ò lọ déédéé mọ́, ó di gáìdì. Ìyẹn ni pé tí ọkọ̀ òkun ńlá tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò káàkiri ayé bá gúnlẹ̀ sí Àpápá, tí wọ́n fún wọn ní ọjọ́ kan péré kí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ rìn kiri, kí ìrọ̀lẹ́ tó lé wọn padà sínú ọkọ̀, ọmọ mi á kó lára wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, á mú wọn lọ wo àwókù ìlú àtijọ́ àti ibi mímọ́. Àwókù wo? Ibi mímọ́ wo? Ilé ọkọ mi ni. Abúlé kékeré kan létí ọ̀sà, lọ́hùn-ún lẹ́yìn Snake Island, ibẹ̀ ni wọ́n gbé mi níyàwó lọ. Omi ti gba ìdajì rẹ̀, gbogbo wa sì ti kó wá sí Ajégúnlẹ̀ tipẹ́. Ohun tó kù níbẹ̀ ò ju ògiri ilé kan tó ti wó, òrùka irin kan nínú ògiri náà, pèpéle sìmẹ́ǹtì kan, àti igi odán ńlá kan létí omi.

Ọmọ mi á dúró níwájú ògiri yẹn, á ní ibẹ̀ ni wọ́n ń so àwọn ẹrú mọ́ kí wọ́n tó kó wọn kọjá òkun. Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá ọkọ mi ló fi òrùka yẹn sínú ògiri, àgbò iléyá ló máa ń so mọ́ ọn. Á tún kó wọn dé ìdí pèpéle, á ní sàréè ìyá kan láyé àtijọ́ ni, ìyá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé, tó jókòó síbẹ̀ tó ń dúró dè é títí ó fi kú. Pèpéle yẹn... èmi gan-an ti ha ìpẹ́ ẹja lórí ẹ̀ débi pé ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Àwa ìyàwó ilé la máa ń jókòó síbẹ̀, tí a ó máa bú ara wa, tí a ó máa rẹ́rìn-ín, tí ológbò á máa yí wa ká. Igi odán yẹn nìkan ni kò purọ́ mọ́. Ibi àdúrà ni lóòótọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà láìlóyún nílé ọkọ, ìyá ọkọ mi ló mú mi lọ sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni gbogbo wa. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo bí àkọ́bí mi, obìnrin. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni mo wá sọ.

Ojú omi ni mo bí i sí. Ìrọbí mú mi, wọ́n ń wà mí bọ̀ ní Àpápá ká lè dé ọsibítù, àárín omi ló ti bọ́ sílẹ̀, nínú ọkọ̀. Kò sunkún. Kò sunkún rárá, a ti rò pé ó ti lọ, àfìgbà tí imú ọkọ̀ kan ilẹ̀ tó figbe ta. Nítorí náà, yàtọ̀ sí oríkì tí bàbá ọkọ mi fún un, èmi náà fi tèmi kún un, mo máa ń kì í pé ọmọ tó dá omi kọjá láìsunkún, tó dórí ilẹ̀ kó tó ké. Gbogbo òwúrọ̀ ayé rẹ̀, tó bá ti kúnlẹ̀ kí mi, màá kì í. Á dorí kodò bẹ́ẹ̀, kò ní dìde títí màá fi kì í dé òpin. Kódà nígbà tó dàgbà tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó bá ti pẹ́, á ní, Màmá, ẹ sáré kì mí o, ẹ gé e kúrú. Màá ní oríkì kì í ṣe aṣọ tí télọ̀ ń gé, wà níbẹ̀.

Ó wá mú ọkùnrin kan wálé. Ọmọ apá Delta, lébìrà ní èbúté Kirikiri Lighter Terminal, Kìrìsìtẹ́nì, tí kò gbọ́ Yorùbá kọjá ẹ káàárọ̀ mà. Mo ní rárá. Mo ní àjèjì ni. Ó ní, Màmá, Ajégúnlẹ̀ la wà yìí, ta ni kì í ṣe àjèjì níbẹ̀? Ó sì fẹ́ ẹ. N ò lù ú, n ò ṣẹ́ ẹ lépè, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe... mo dákẹ́. Á wá láàárọ̀ pẹ̀lú oyún nínú, á kúnlẹ̀, á kí mi, màá ní ṣé o jí dáadáa, ó parí. Á ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, á máa retí. Màá máa ṣa ẹ̀wà mi lọ. Nígbà tó bá yá, á fọwọ́ ti ilẹ̀, á dìde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ikùn yẹn, á sì máa lọ. Oṣù méje, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù méje ni mo fi oríkì du ọmọ tí mo fi ẹnu ara mi tọrọ lábẹ́ igi. Mo ń sọ lọ́kàn pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni màá kì í, màá kì í débi pé gbogbo àdúgbò á jáde wò wá...

Ẹ̀jẹ̀ ló gbé e lọ níbi ìkúnlẹ̀. Ọmọ yè, ìyá lọ. Wọn ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé òkú. Wọ́n ní òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀, àwọn àgbà obìnrin jókòó tì mí nínú yàrá, ọ̀kan dì mí lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan dì mí lọ́wọ́ òsì, títí wọ́n fi sin ín tán. N ò kì í. N ò mọ ibi tó sùn títí dòní. Ọmọ tó bí lọ́jọ́ náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Láti ìgbà yẹn ni oríkì náà ti há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja. N ò gbé e mì, n ò pọ̀ ọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọkọ̀ òkun kan tún gúnlẹ̀, ọmọ mi bá wá bá mi. Ó ní àwọn àlejò yìí fẹ́ rí ìyá àgbà gidi tó gbé níbẹ̀ rí. Màmá abeg, ẹ kàn wọ funfun, ẹ jókòó sábẹ́ igi, ẹ máa mi orí, èmi á máa bá yín sọ ìyókù. Mo ní ṣé ère ni mí ni? Mo ní orí wo ni kí n máa mì, ìwọ tí o sọ pèpéle ẹja di sàréè, ọjọ́ tí o bá mú wọn débi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa, kí lo fẹ́ pe ìyẹn? Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ààfin. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì bá a lọ. Àárò ibẹ̀ ń sọ mí, mo fẹ́ tún fojú kan igi yẹn.

Àwọn àlejò náà tó ogún. Wọ́n ń ya fọ́tò gbogbo nǹkan, wọ́n ya ògiri, wọ́n ya òrùka irin, wọ́n ya ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà láàárín wọn, dúdú bíi tiwa, ọjọ́ orí tí ọmọ mi tó kú ì bá wà báyìí ló wà. Kò ya nǹkan kan. Nígbà tó dé ìdí pèpéle, ó bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lé e lórí, ó gbá a mọ́ra, ó ń sunkún tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí n má purọ́ kún irọ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Ìpẹ́ ẹja ni mò ń rí lójú ara mi. Àfi bó ṣe fẹ́ dìde. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀... ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

Ó bi ọmọ mi ní nǹkan. Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní, Màmá, ó ní tí wọn ò bá kó àwọn èèyàn òun lọ, kí ni ìyá òun ì bá máa fi kí òun láàárọ̀? Ó ní kẹ́ ẹ bá òun pè é. Ó wá ṣẹ́jú sí mi pé kí n sáà sọ nǹkan kan, torí ọkọ̀ wọn ò ní pẹ́ fọn fèrè. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn méjì tọ́ ọ lẹ́nu kó máa lọ. Obìnrin náà bá kúnlẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Ta ló ní kó kúnlẹ̀? Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó dorí kodò, ó ń retí.

Oríkì ọmọ mi ló jáde. Gbogbo rẹ̀. Ti bàbá ọkọ mi, tèmi, èyí tí mo fi dù ú, èyí tí mo tọ́jú de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, èyí tí mi ò rí ibojì kankan kì í sí. Ọmọ mi ọkùnrin mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń kì. Síbẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn lọ. Ìgbà tó dé ibi ọmọ tó dá omi kọjá láìsunkún, obìnrin yẹn figbe ta, ó rò pé ọkọ̀ tó kó àwọn baba ńlá òun lọ ni mò ń sọ. Gbogbo wọn ń sunkún, bàbá òyìnbó kan ṣí fìlà. Èmi ni mo sunkún jù. Wọ́n rò pé mò ń sunkún àwọn ará àtijọ́.

Lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ara tù mí. Ọ̀fun mi ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kí n kì í lábẹ́ ẹnu, fún ara mi, ojú obìnrin yẹn ni mo rí. N ò rí ojú ọmọ mi. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti fẹ́ rántí ọmọ mi lórí ìkúnlẹ̀, obìnrin inú ọkọ̀ yẹn ló ń gbójú sókè wò mí. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kankan nínú yín rí? Ṣé ó máa ń lọ?

Obìnrin náà ò fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ló fún un ní nọ́ńbà ọmọ ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kó má kọ̀wé sí mi lórí fóònù, ọmọ ọmọ mi ló ń kà á, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Màmá ló ń pè mí. Ó ti fi oríkì tí bàbá ọkọ mi fún ọmọ mi ṣe orúkọ, òun ló ń jẹ́ báyìí, òun ló ń kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì láti máa kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Ó ní tí òjò bá dáwọ́ dúró, òun ń bá ọkọ̀ bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ náà, òkúta dídán kan wà tí òun ti ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ yẹn sí lára, orí pèpéle lòun fẹ́ gbé e sí, kí ìyá tó ń dúró níbẹ̀ lè mọ̀ pé ọmọ ti dé.

Mo sọ fún ọmọ mi ọkùnrin pé mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ó ní, Màmá, tẹ́ ẹ bá la ẹnu yẹn, ẹ ti ba ọ̀nà oúnjẹ mi jẹ́. Ó ní irọ́ tó ń tu èèyàn nínú, ta ló pa? Mo rò ó, mo rò ó. Tí mo bá sọ òótọ́, mo tún gba ìyá lọ́wọ́ ẹni tó ti sọ ìyá nù tipẹ́. Tí mi ò bá sì sọ ọ́, wọ́n á gbé orúkọ ọmọ mi lé orí pèpéle tí a ti ń ha ẹja, àlejò á máa dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á máa pè é ní ara ayé àtijọ́. Ẹ sì gbọ́ èyí tó burú jù... apá kan lọ́kàn mi fẹ́ kí òkúta yẹn dé. Ọmọ mi ò ní òkúta kankan níbi tí mo mọ̀.

Ó wá kan ọmọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Láti kékeré ló ti ń bi mí pé kí ni oríkì màmá òun, mo máa ń ní ó ti fò mí lórí, ogbó ni. Òun náà, tó bá kúnlẹ̀ kí mi, àdúrà ni mo máa ń ṣe fún un, n kì í kì í, torí n ò lè kì í kí n má dárúkọ ìyá rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ka oríkì ìyá rẹ̀ fún mi nísàlẹ̀ lẹ́tà àjèjì, kò mọ̀. Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pẹ́. Ó padà wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, Màmá àgbà, ẹ máa sọ lọ, mò ń kọ ọ́. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó ní kí n kì ìyá òun fún òun. Mo la ẹnu, kò jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ gbà á padà lọ́wọ́ obìnrin yẹn ni? Báwo lèèyàn ṣe ń gba oríkì padà lọ́wọ́ ẹni tó ti fi kọ́ ọmọ? Àbí kí n dákẹ́, kí òkúta máa bọ̀? Àbí ẹnu tó fi oríkì du ọmọ, tó gbé e fún àjèjì, ṣé ó ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti tún pè é? Ọmọ yìí ti gbé fóònù lé orókún, ibi ìkúnlẹ̀ náà ló ti ń tẹ èyí tí ẹ ń kà yìí. Ó ní òun ò ní dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, ilẹ̀ le.