Oúnjẹ Yín Tó Wà Nínú Ìkòkò

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń kí òkú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ìkíni mìíràn tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi ni mò ń kọ èyí sí, torí tíṣà wa kì í wo ẹ̀yìn ìwé. Wàsíù àbúrò mi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ìdérí ìgò ṣeré. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. Ó jù ú sórí páànù bí ẹ ṣe kọ́ èmi náà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ló jù ú kó tó dúró síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo ti ṣe àṣìṣe kan, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹ rántí pé ẹ kì í jẹ́ ká ha ìkòkò tán. À báà yó, à báà má yó, ẹ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀, ẹ ó ní ìkòkò kì í sùn lófìfo, torí a kì í mọ ẹni tó máa yà sílé. Bàbá a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ará ọ̀run tiyín yìí mà fẹ́ràn ìrẹsì o. Ẹ̀yin náà kì í sì í fi Bàbá lọ́rùn sílẹ̀ bí wọ́n bá fọ ìkòkò láìdojú rẹ̀ dé kí wọ́n sì gbé ṣíbí lé ìdí rẹ̀. Ẹ bá wọn jà títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Nígbà tí ẹ lọ, èmi ni mo gba ìdáná. Mo ń ṣẹ́ oúnjẹ kù bíi tiyín. Láàárọ̀, mo máa ń gbé e kaná kó má baà kan, kí èmi àti Wàsíù tó lọ sílé ìwé. Fún ìgbà díẹ̀, bí a bá ṣe fi í sílẹ̀ la ṣe ń bá a. Lọ́jọ́ kan, a dé lọ́sàn-án, a bá ìkòkò ní fífọ̀. Ó dojú dé. Ṣíbí wà ní ìdí rẹ̀.

Ilẹ̀kùn wà ní títì bí a ṣe tì í. Bàbá ti lọ láti ìdájí nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ti ilé iṣẹ́ ike wọn. Kò sẹ́ni nínú ilé àfi Alàájà, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ẹ sì mọ̀ pé ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ nǹkan.

“Ẹsẹ̀ kan kọjá. Mo kí i, kò dáhùn. Ó wọlé yín, mo wá ń gbọ́ tí omi ń dà.”

“Ta ni, Alàájà?”

“Èmi ò mọ̀ o, ọmọ mi. Ọ̀sán gangan kọ́ ni wọ́n ń bèèrè ta ni.”

Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọ̀sán gangan ni àwọn ẹni àìrí ń rìn, ká má rìn kiri nínú oòrùn. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Mo gbé ìkòkò yẹn mọ́ àyà.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò yẹ̀. Bí mo bá fi ẹ̀wà sílẹ̀, ẹ jẹ ẹ́. Bí mo bá fi ìrẹsì sílẹ̀, ẹ jẹ ẹ́. Wàsíù ń yọ ẹran tirẹ̀ sínú ìkòkò fún yín, síbẹ̀ bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà lọ́sàn-án báyìí, ó máa tọ̀ sí ṣòkòtò. Ó fẹ́ rí yín, kò sì fẹ́ rí yín. Bàbá ní tiwọn kò bá wa jẹun mọ́. Bí mo bá bu tiwọn, wọ́n máa ní àwọn ti jẹun níbi iṣẹ́, wọ́n á sì dá a padà sínú abọ́ wa. Wọ́n ń rù. Mo rò pé àárò yín ni.

Àṣìṣe mi ni pé mo lọ fọ́nnu fún Àǹtí Ìdí-Àràbà. Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń wò mí bíi pé n kò lè tọ́jú ilé. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ṣì ń wá jẹ oúnjẹ tí mo sè. Wọ́n wo ṣòkòtò Wàsíù tó tutù, wọ́n wò mí.

“O ń fún òkú lóúnjẹ kẹ̀? Ó yẹ kó ti máa sinmi, o wá ń fi ìrẹsì so ó mọ́lẹ̀. Fọ ìkòkò yẹn kó gbẹ. Tí mo bá dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mo gbọ́ pé ó ṣì ń wá, mò ń mú Wàsíù lọ sí ìlú wa ní Ìsẹ́yìn, ó parí. Mi ò ṣeré o. Ọmọ yẹn ò ní ya wèrè lójú mi.”

Mo ronú pé bí wọ́n bá mú Wàsíù lọ, kí ló kù? Nítorí náà mo fọ ìkòkò. Mo ha á títí ó fi ń dán. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún yín, mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín lọ́nà ilé ìwé.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tètè tú wa sílẹ̀ torí àwọn tíṣà fẹ́ ṣe ìpàdé. Mo fi Wàsíù sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta gúgúrú lẹ́nu géètì, mo ní mò ń bọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ yín lójúkojú, kí ẹ má máa dẹ́rù bà á. Nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgádágodo ti ṣí, ó ń fì lára ilẹ̀kùn. Mo bi ara mi pé ṣé òkú ń lo kọ́kọ́rọ́ ni. Mo rọra fi ìka ṣí kọ́tìnnì.

Bàbá ni.

Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù wà lórí àga, wọ́n ká a dáadáa. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn Bàbá, yẹ̀pẹ̀ iṣu kún un, òṣùká wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n gbé ìkòkò lé itan. Wọ́n fi ìka yí inú rẹ̀ ká, wọ́n wo ìka náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín sọ̀rọ̀.

“Ìyá Wàsíù, wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ yẹn pa láti oṣù mẹ́ta. Ẹrù ni mò ń gbé ní ọjà Ojúwòyè. Ọmọ yìí ò ṣẹ́ oúnjẹ kù mọ́. Ó ní láti jẹ́ pé kì í yó wọn.”

Wọ́n mu omi, wọ́n dojú ìkòkò dé, wọ́n gbé ṣíbí lé ìdí rẹ̀. Ìkòkò tí wọn kò rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀ o, Màámi. Mo sá wọ yàrá Alàájà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú títí Bàbá fi kọjá.

Ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo fi ebi pa Bàbá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ǹjẹ́ ẹ rí i? Bí ẹ bá rí i, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi lójú àlá? Inú bí mi sí yín lọ́jọ́ náà. Mo sọkún fún Bàbá, mo sì sọkún torí pé ẹ̀yin kọ́ ni. Gbogbo ìrẹsì yẹn, gbogbo ẹran Wàsíù, ẹ kò wá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi odindi ẹja sínú ìkòkò. A dé, ó ti tán.

Àná ni Sọ́ńdè. Àǹtí dé pẹ̀lú báàgì tí wọ́n máa kó aṣọ Wàsíù sí. Bàbá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí bi mí bóyá ẹ ṣì ń wá. Bí mo bá ní ẹ ń wá, Wàsíù ti lọ nìyẹn. Bí mo bá sọ ẹni tó ń wá, ojú á ti Bàbá níwájú ẹ̀gbọ́n wọn, bóyá wọ́n á sì kó àwa méjèèjì lọ. Wàsíù di aṣọ mi mú.

“Rárá, Àǹtí. Wọn ò wá mọ́. Wọ́n ti lọ.”

Bàbá gbójú sókè, wọ́n wò mí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé ojú kúrò lára mi. Wọ́n ti mọ̀ pé mo mọ̀. Àǹtí ṣe àdúà fún yín, wọ́n ká báàgì wọn, wọ́n lọ.

Wàsíù wà nílé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé yín jáde, èmi kọ́ ni mo sọ pé ẹ ti kú, àwọn àgbà ni. Àná ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Mo gbé oúnjẹ kaná láàárọ̀ yìí kí n tó lọ, mo sì fi sílẹ̀. Ti Bàbá ni báyìí. Bí ẹ bá wá yà lóòótọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí ẹ bá ìkòkò lófìfo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ bá wọn jókòó díẹ̀ kí wọ́n tó padà sídìí ẹrù.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ kọ́kọ́ bí, tí wọn kò fi orúkọ rẹ̀ pè yín, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.