Ìyá Mi Kì Í Ṣe Nọ́ńbà Kẹrìnlá

Thamesmead,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn òjò.

Ìyèbíyè ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́ ìwé, mo kí ọ kú ooru ìlú Hanoi tí o ní ó ń mú ènìyàn làágùn nínú ilé ìwẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tó gbé ọ gba ojú ọ̀run kọjá láìjẹ́ kí o já bọ́ ni yóò máa ṣọ́ ọ láàárín àwọn alùpùpù ibẹ̀, tí o ní wọ́n pọ̀ ju èèrà lọ. Wòlíì wa gbàdúrà fún ọ lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ sì ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí mo ti jẹ́rìí níwájú wọn pé mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n ń san fún ọ lóṣooṣù ní owó ibẹ̀. Èmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí fún ọdún mẹ́jọ, ojú mi kò tí ì kan mílíọ̀nù kan ṣoṣo. A kì í fi ìbùkún pamọ́.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Lórí fóònù, o máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi, o ó ní Daddy, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lẹ́tà kò ṣeé já lu. Jókòó kí o kà á tán.

Ilé wà dáadáa. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé London ni mò ń gbé, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá wo Thamesmead. Ẹṣin ń jẹko lẹ́yìn ilé wa, pẹ́pẹ́yẹ ń kọjá títì tí mọ́tò ń dúró dè wọ́n, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ wá láti Crossness, níbi tí wọ́n ń da ìgbẹ́ ìlú sí, gbogbo wa mọ ohun tí Woolwich jẹ lánàá. Abúlé ni mo kúrò, abúlé ni mo dé. Ìwọ lò ń gbé ìlú ńlá.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. O ti gbọ́ pé mo ti fọwọ́ sí i. Ohun tí o kò gbọ́ ni bí ọwọ́ mi ṣe dé orí rẹ̀, nítorí ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti pè mí kẹ́yìn. Má sọ pé o mọ apá kan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ tò ó láti ìdí.

Ewé Akíntọ́lá ni ìdí ọ̀rọ̀. Koríko lásán tí à ń ro dànù lóko ní Kájọlà, ṣùgbọ́n bí àdá bá ṣá ènìyàn, òun náà ni à ń já, tí à ń fún oje rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Mo rò pé tiwa nìkan ni. Ìwọ lo sọ fún mi pé ó kún ilẹ̀ Vietnam, pé àwọn náà ń fún un sójú ọgbẹ́, pé àwọn onímọ̀ wọn ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà tí èmi kò tí ì dá ṣòkòtò wọ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé wọ́n rí ẹbí wa kan tó sọnù.

Ọ̀gá rẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thu, ní kí o lọ bi àwọn ènìyàn wa léèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí àwọn náà bi àwọn ti ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ wá fi wé ohun tí ẹ bá rí nínú ìgò. O lọ sí Kájọlà ní Kérésìmesì. Ìyá mi, Oyèbọ́lá, tí wọ́n tọ́ ọ dàgbà, ni wọ́n sọ èyí tó wúlò jù fún yín: pé ewé tuntun ni kí a já, kí ó tó tanná, nítorí bó bá ti tanná tán, agbára rẹ̀ ti bá òdòdó lọ. O pè mí tẹkúntẹkún ayọ̀. O ní nínú ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ẹ bi ní ilẹ̀ méjèèjì, ẹni méjì péré ló sọ bẹ́ẹ̀, pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ì bá má ronú kan ìbéèrè ìgbà tí à ń já a láéláé, pé orí rẹ̀ ni ẹ ó gbé iṣẹ́ yín kà.

Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù dé. Ìyá mi kò mọ̀wé, nítorí náà èmi ọmọ wọn ni kí n fọwọ́ sí i pé a gbà kí ẹ lo ọ̀rọ̀ wọn. Bí n kò bá fọwọ́ sí i títí oṣù yóò fi parí, ẹ ó yọ ọ̀rọ̀ wọn kúrò pátápátá. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilé ìkàwé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Níbi tí ẹ ya àpótí kéékèèké sí, tí ẹ ní kí n máàkì bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máàkì gbogbo rẹ̀. Tíṣà wa ní Kájọlà kì í máàkì ohun tí kò dára. Àpótí tí n kò bá máàkì, ó ti feèlì nìyẹn, kò sì sí èyí tó ṣẹ̀ mí nínú wọn. Ẹ dá a padà.

Ìgbà tó padà ni mo tó rí ohun tó wà lókè rẹ̀: Olùkópa Kẹrìnlá. Kò sí orúkọ. Ti orúkọ kò dùn mí púpọ̀, o ti ṣàlàyé pé ẹ fi nọ́ńbà bo ènìyàn ni kí ẹnikẹ́ni má baà wá yọ wọ́n lẹ́nu, mo sì gbà. Ohun tí n kò lè gbà ni kẹrìnlá. Ọjọ́ kejì ni ìyá mi pè mí pé Ṣàkírù tó ń tún ọ̀kadà ṣe ti lẹ ìwé tirẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi han gbogbo oníbàárà pé òun ni kẹta. Ṣàkírù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìyá mi ni wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀. Ìyá mi ni wọ́n gé ìwọ́ rẹ̀. Ìwé yunifásítì wá ní òun ni kẹta, ẹni tó gé ìwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ kẹrìnlá.

Ìyá mi kò bínú. Wọ́n kàn ní bóyá ayé ti yí ni. Èyí ló dùn mí jù.

Mo fi bíírò pa kẹrìnlá rẹ́, mo kọ kìíní sí i, mo fi ránṣẹ́. Ẹ dá a padà. Mo tún kọ ọ́, ẹ tún dá a padà. Ìgbà náà lo pè mí, tí o ní ẹni tí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ni ó jẹ́ kìíní, pé nọ́ńbà lásán ni, pé kì í ṣe ipò, pé mo fẹ́ fi agídí ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ lójú ọ̀gá rẹ. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí ẹni tí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìyá mi. O ní ọ̀kadà tó gbé ọ dé ló bàjẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù Ṣàkírù, o sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: oníbàárà méjì tó jókòó síbẹ̀ kọ́kọ́ dáhùn, òun ṣe ẹnì kẹta. Ìyèbíyè, èmi kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a kì í wọ ìlú kí a kí mẹkáníìkì kí a tó dé ọ̀dọ̀ ìyá ilé. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. O pa fóònù mọ́ mi létí.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì tẹ̀ lé e. N kò fọwọ́ sí i, ìwọ náà kò pè. Ní ọjọ́ kan mo mú fọ́ọ̀mù náà dání lọ síbi iṣẹ́. O mọ Ìyá Juliana, màmá ọmọ Vietnam tí mo ti ń lọ tọ́jú láti ìgbà tí wọ́n wà ní àdúgbò Morris Walk, kí ìjọba tó kó wọn wá sí ìtòsí àdúgbò Connaught. Rọpárọsẹ̀ gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu wọn, ó fi èdè ìlú wọn sílẹ̀ fún wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń pariwo Gẹ̀ẹ́sì sí wọn bí ẹni pé adití ni wọ́n. Èmi máa ń bá wọn sọ Yorùbá. Ohùn tiwọn ń lọ sókè sódò bíi tiwa, àwọn náà ń fi àmì lé orí lẹ́tà, irú àmì tí Tíṣà wa máa ń lù wá lé lórí. A kò gbọ́ ara wa, ṣùgbọ́n a máa ń mọ ìgbà tí inú ń bí ẹnì kejì.

Mo ń rojọ́ fún Juliana ọmọ wọn nínú ilé ìdáná nígbà tí màmá na ìka sí ìwé ọwọ́ mi. Juliana ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí ìyá mi, mo ní ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Wọ́n béèrè ta ni kẹta, mo ní mẹkáníìkì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọ́n fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ lu apá àga, wọ́n sì pòṣé, irú òṣé tí mo ti rò pé Yorùbá nìkan ló ni ín.

Juliana wá ṣàlàyé fún mi pé ní èdè wọn, ènìyàn kò lè dédé pe ẹlòmíràn ní ìwọ. Wọ́n á kọ́kọ́ mọ ọjọ́ orí rẹ, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ó pè ọ́, tàbí àbúrò, tàbí ìyá àgbà. Mo ní kí ó tún un sọ. Ẹni tí kò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan gbọ́ ẹjọ́ mi ju ọmọ tí mo bí lọ. Mo rí i nígbà náà pé kì í ṣe ìwà àwọn tí o wà lọ́dọ̀ wọn ni nọ́ńbà yẹn. Ìwọ lo gbé e lọ bá wọn.

Ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yín, ẹ kọ ọ́ pé bí ohunkóhun bá ń dùn mí nípa iṣẹ́ yìí, kí n pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Thu. Ohun kan ń dùn mí. Mo ní kí Juliana bá mi pè wọ́n.

Ìpè tí à ń rí ojú ara wa ni. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe yọ tí mo rí ewú orí wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé bí mo ṣe ń rí wọn ni àwọn náà ń rí gbogbo yàrá, n kò mọ̀ pé fóònù kì í bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Ògiri òfìfo ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń bi Juliana bóyá mo ti dákú, bóyá kí ó pe dókítà. Ìyá Juliana ló gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀ kí wọ́n lè rí mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá béèrè ọjọ́ orí mi. Mo ní méjìdínlógójì. Wọ́n ní àwọn jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni àwọn, kí àbúrò àwọn dìde nílẹ̀ kí ó sọ ohun tó ń dùn ún.

Mo sọ ọ́. N kò bú ọ, má fòyà. Mo ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mo jẹ́ nígbà tí mo bí ọ, n kò ní ohun kan tí mo lè kọ́ ọ nígbà náà, ìyá mi ni wọ́n pọ̀n ọ́ lọ sóko tí wọ́n ń dárúkọ ewé fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ mi bá mọ ewé lónìí, ẹ̀yìn wọn ló ti mọ̀ ọ́n. Mo wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ wọn, ẹ lè fi pamọ́. Ipò wọn ni kí ẹ má fi pamọ́.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ogún ọdún ni ìlà yẹn ti wà ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù àwọn, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè. Wọ́n ní bí ìyá àwọn bá wà lẹ́yìn ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe, àwọn náà kò ní fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn yóò to gbogbo olùkópa ní ọjọ́ orí, láti orí àgbà wá sílẹ̀, pé ó tilẹ̀ dára fún iṣẹ́, nítorí ẹni tó bá wò ó yóò tètè mọ̀ bóyá àgbà ló mọ ewé náà jù tàbí ọ̀dọ́. Wọ́n sì sọ fún mi nípa rẹ. Wọ́n ní o máa ń dé ṣáájú ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn, pé o kì í parọ́ ohun tí ìgò kò bá sọ. Ìyèbíyè, mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì láti Woolwich dé Thamesmead. Àwọn kan sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù tuntun dé: Olùkópa Kìíní. Mo fọwọ́ sí i. Mo máàkì ẹyọ kan péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì ń ṣe mí láàánú. Mo gbọ́ pé Ṣàkírù di kọkàndínlọ́gbọ̀n, ó sì ti ká ìwé rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Mo pe ìyá mi, mo ní wọ́n ti di kìíní nínú ìwé Vietnam. Wọ́n ní ta ni ìkejì. Mo ní Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dárúkọ rẹ̀, obìnrin ọmọ ọgọ́rin ọdún kan ni, lórí òkè kan ní apá àríwá ilẹ̀ wọn, òun sì ni ẹnì kejì tó ní kí a já ewé náà kí ó tó tanná. Wọ́n ní ta ló sọ fún un. Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún un, bí ìyá mi ṣe mọ̀ ọ́n ni obìnrin náà ṣe mọ̀ ọ́n.

Wọ́n wá ní, “Àbúrò mi nìyẹn. Bá mi kí i.”

Wọ́n sì ní ẹ̀gbọ́n kì í ránṣẹ́ sí àbúrò lọ́wọ́ òfìfo. Nítorí náà, nínú mílíọ̀nù mẹ́fà yẹn, yọ mílíọ̀nù kan péré, ra aṣọ òtútù fún màmá orí òkè náà, kí o fi rán Ọ̀jọ̀gbọ́n sí wọn. Fi mílíọ̀nù kan ránṣẹ́ sí Kájọlà kí wọ́n fi yí páànù òrùlé padà, kí wọ́n sì fi ìyókù gbẹ́ kànga. Tèmi kò pọ̀, ìdajì mílíọ̀nù ti tó mi ra bàtà òjò. Juliana rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á fún un, ó ní kí n bi ọ́ pé kí ni mílíọ̀nù kan ń rà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé mílíọ̀nù ni mílíọ̀nù.

N kò ní tọrọ àforíjì nítorí ìyá mi. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò gbóhùn rẹ. Pè mí lọ́la. Kọ́kọ́ pe ìyá mi ná, kí o tó pè mí. O ti mọ bí ètò ṣe ń lọ nísinsìnyí.

Ohun tí o bá fọwọ́ kàn yóò rúwé. Ọgbẹ́ kò ní wà lára rẹ, ewé rẹ kò sì ní rọ kí ó tó tanná. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka ènìyàn, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n fò ọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlọ́runfẹ́mi.

Mo gbàgbé: Ìyá Juliana ní kí n sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni àwọn, pé àwọn náà já ewé yẹn nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Bí ẹ bá tún ń ka ènìyàn, kí ẹ fi àwọn ṣe kẹta.