Àlejò Kì í Jí Ṣáájú Onílé

Èmi, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onílé, tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ni mo sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí. Orúkọ àbísọ mi wà nínú àpòòwé lọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ kò fi pè mí rí, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Orí mi pé. Dókítà yẹ̀ mí wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí àkọ́bí mi ń lọ káàkiri, ó ń sọ pé bàbá òun ti ń ṣarán. Agbẹjọ́rò ni mo yàn láti mú ìhágún yìí ṣẹ. Kó kà á kedere, kó má fo ibì kankan, pàápàá ibi tó bá ń dùn yín.

1. Ilé mi di ti ọmọbìnrin mi, olùkọ́. Òrùlé yàrá tó bínú kó jáde nínú rẹ̀ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ti ń jò. N kò tún un ṣe, kó lè mọ̀ pé mo gbọ́ nígbà tó ní òun kò ní padà wá.

2. Ajá mi di ti àbúrò mi ọkùnrin, télọ̀. Ó máa ń sọ pé òun kì í yà sílé wa bí n kò bá sí nílé. Ajá náà ń gbó gbogbo ayé, kò gbó o rí.

3. Kọ̀ǹpútà ńlá inú yàrá ẹ̀yìn di ti àkọ́bí mi, atẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta mìíràn, tí kò ní irin tiwọn, ló ń gbé inú irin kan ṣoṣo yìí, bí ayálégbé. Irin náà ni onílé, àwọn mẹ́ta ni àlejò. Èkíní ni Adènà, tó mọ orúkọ àwọn yòókù, tó sì ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èkejì gbé gbogbo iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé àkọ́bí mi. Ẹ̀kẹta gbé ohùn ìyá yín, wákàtí méjì tó fi sọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú àìsàn tó pa á, èyí tí ẹ ti ń bẹ̀ mí fún ọdún mẹ́ta pé kí n jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ ó gbọ́ ọ, bí ẹ bá lè jí i.

Àkọ́bí mi ló fa wáyà onílé yọ nígbà tí mo wà ní ọsibítù, ó ní ariwo rẹ̀ ń dí òun létí. Wọ́n ní agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ọmọ mi, mo bá ọ fọwọ́ sí títà náà.

4. Ohun tí onílé ń bèèrè kó tó jí nìyí. Ẹ ki wáyà iná méjèèjì bọ ara ògiri. Ẹyọ kan kò tó o. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, nítorí náà yóò ti gbàgbé pé òun ń gba àlejò. Ẹ wọ ojú ìwé búlúù tó bá kọ́kọ́ yọ lójú ẹ̀rọ, kí ẹ tan ìyọ̀ǹda àtigba àlejò padà. Ìrántí rẹ̀, pẹlẹbẹ mẹ́rin tó gùn bí ìka, mo ti yọ ọ́, mo fi fún ọmọbìnrin mi. Láìsí i, onílé kò lè gbé ara rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti àlejò. Ẹ̀gbọ́n rẹ yóò wá bẹ̀ ọ́. Rí i pé ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bí onílé bá jí, Adènà ni ẹ óò jí tẹ̀ lé e. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ tó jí àwọn yòókù. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àkọ́bí mi jí gbogbo wọn pọ̀. Kò sí èyí tó mọ ẹnì kejì, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin sì bàjẹ́. Ó ní àbúrò òun ló fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin mi fi kó jáde. Mo mọ ẹni tó ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an. Mo dákẹ́, torí ọmọkùnrin ló ń bá mi ṣiṣẹ́.

5. Irin-iṣẹ́ mi di ti ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní òdìkejì títì. Òun nìkan ló ń kí mi láìní ohun tó fẹ́ gbà.

6. Níkẹyìn, onílé yóò bèèrè gbólóhùn kan kó tó jẹ́ kí àlejò dìde. Mo fi gbólóhùn náà sílẹ̀ fún àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tó sọ fún mi lẹ́yìn ilé ni, ní ọjọ́ tí a sin ìyàwó mi, tó sì bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́. N kò sọ fún wọn. Òun ni kó tẹ̀ ẹ́, lójú wọn. Mo ti ṣètò rẹ̀ kí lẹ́tà máa hàn gbangba. Kó má fi àmì ohùn sí i, nítorí níbi tó bá dé yẹn, onílé kò tí ì gbọ́ èdè wa, lẹ́tà lásán ló mọ̀. Olùkọ́ ni ọmọbìnrin mi, yóò fi àmì sí i fúnra rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Bí àbúrò mi bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, onílé yóò pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, ohùn náà yóò sì bá a lọ.

Àbúrò, o lè kọ̀. Òfin kò mú ọ. Ṣùgbọ́n wọn yóò bi ọ́ léèrè ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́fà tó o fi ń du àwọn ọmọ ní ohùn ìyá wọn.

7. Mo fẹ́ràn ìyàwó mi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ohùn náà. Ó pe ẹ̀yin ọmọ. Ó pe àbúrò mi. Mo jókòó tì í fún wákàtí méjì gbáko, mò ń retí kó pe èmi náà.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, lójú àwọn méjì tí kò jogún ohunkóhun:

Bàbá Onílé (ọwọ́ rẹ̀ nìyí)

Ẹlẹ́rìí kìíní: Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi
Ẹlẹ́rìí kejì: Ayàwòrán ìsàlẹ̀ títì