Ògiri Pálọ̀ Tí Bàbá Ò Kùn Parí
Olóògbé Joṣáyà Ọláwuyì Adépọ̀jù, 1934 sí 1996

Ìlú Ìkìrun ni a ti bí Bàbá wa ní ọdún 1934, sínú ẹbí Adépọ̀jù. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn. Ọmọ Inisa ni Láníkẹ́, ìyá wọn. Òkukù ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́fà, kí wọ́n tó lọ kọ́ iṣẹ́ pulánù yíyà ní Ìbàdàn.

Ní 1960, wọ́n fẹ́ ìyá wa, Àmọ̀kẹ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ya pulánù ilé kọnkéré, àwọn ilé ìgbàlódé onípẹtẹ́ẹ̀sì tí bulọ́ọ̀kù oníhò wà lára wọn. Wọ́n fẹ́ràn ilé wọ̀nyẹn ju bó ṣe yẹ lọ, a ò ní purọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì sí Ìkìrun ní 1988, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwòrán: kò sí ènìyàn níbẹ̀, kò sí ilé gan-an, àfi ìlà, igun àti òjìji. Tí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní ibi tí oòrùn ń gbà wọlé ni. Èyí tó tóbi jù ni wọ́n kùn sí ògiri pálọ̀.

Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ya pulánù ṣọ́ọ̀ṣì. Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, tí àìsàn gbé wọn dé ọsibítù, aríran kan ní àmì ara ògiri yẹn ni kò jẹ́ kí ara wọn yá. Ẹ̀rù bà wá. A ò bi Bàbá rárá. Ọmọ́dára, àkọ́bí, ra ọ̀dà funfun, a bu omi àdúrà sí i, gbogbo wa sì jọ fi pa àwòrán náà rẹ́.

Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n ní kí a gbé àga wá. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri náà títí di ìrọ̀lẹ́. Wọn ò bá wa wí, ìyẹn ló sì ń dà wá láàmú títí di òní. Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n mú rúlà àti pẹ́ńsù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sórí ọ̀dà funfun náà. Wọn ò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi dágbére fáyé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà.

Ìyá wa, Ọmọ́dára, Olúwaṣèyí, Motọ́láyọ̀ àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ló gbẹ̀yìn wọn.

Pálọ̀ yẹn ni a ó tẹ́ Bàbá sí. Ẹ̀yin tí ẹ bá wọlé wá wò wọ́n, a fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fara ti ògiri. Pẹ́ńsù lásán ni, ó máa ń parẹ́.

Bàbá, a ò mọ̀ bóyá ẹ ti dárí jì wá. Ẹ sùn ire o. A ò ní kùn ún mọ́.